Ọpẹ́ Owó Tí Kò Tíì Wọlé

Ní Accra yìí, owó ọdún méjì ni onílé ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn kí ó tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Àdífáǹsì ni wọ́n ń pè é. Ọdún méjì tí ènìyàn ò tíì gbé, tí kò mọ̀ bóyá òun á gbé! Bí òrùlé bá ń jò, ìwọ lo ni ín. Bí omi ò bá yọ, ìwọ náà lo ni ín. Tí ọdún méjì ọ̀hún bá sì pé, onílé á tún na ọwọ́, á ní òmíràn ti tó, owó sì ti lé. Ìjọba ní kò bá òfin mu, gbogbo wa la gbọ́. Ẹni tó bá lè sùn lórí òfin, kí ó lọ tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, aago méje kò tíì lù tí Abdul-Rahim, ọkùnrin tó ń bá onílé gbowó, fi dúró sí ẹnu ọ̀nà Olúdélé nínú ọgbà ilé kan lẹ́yìn oríta Lapaz. Wọ́n fi ìjókòó lọ̀ ọ́, kò jókòó. Ẹni tó bá wá gba owó ilé kì í jókòó.

"Bọ̀dá Délé, òní la dá."

"Òní náà ni," Olúdélé dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ni ní ilé ìfowópamọ́ kékeré kan nígboro, díákónì sì ni nínú ìjọ, ọkùnrin tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun níbi tí òun ti ń bẹ̀bẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń kó owó náà fún ìyàwó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí òun fúnra òun má baà ná an. "Bímpé! Fi owó Abdul-Rahim ránṣẹ́ sí i lórí fóònù."

Bímpé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ààrò èédú, ó ń gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀. Kò gbé orí sókè.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa láti àárọ̀," ó ní.

Abdul-Rahim wo fóònù tirẹ̀, níbi tí àwọn kan ti ń gbá bọ́ọ̀lù wàràwàrà láìdúró. "Tèmi ń ṣiṣẹ́ o." Ó ní òun ń lọ ra iṣu ní Agbogbloshie, òun á padà ní aago méjì. Ó ní ẹnì kan láti Kumasi ti gbé owó dání, àwọn yàrá yìí gan-an ló sì wá wò lánàá. "Ẹ má bínú sí mi, Bọ̀dá Délé. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

Nígbà tó jáde tán, Olúdélé ti ilẹ̀kùn.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo?"

Bímpé ń bomi tútù mọ́ omi ìwẹ̀.

"Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo, Bímpé?"

Tẹniọlá ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń lọ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ìyá rẹ̀ lórí tábìlì. Ó pa áyọ́ọ̀nù. Bí ọmọ bá pa áyọ́ọ̀nù nígbà tí aṣọ ò tíì tán, ó ti mọ nǹkan tí bàbá ò mọ̀ nìyẹn.

"Owó náà ti wọ kirípító," Bímpé ní.

"Èló nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Olúdélé jókòó. Ó dìde. Ó tún jókòó. "Owó ilé? Owó òrùlé tí à ń sùn sábẹ́ rẹ̀? Bímpé, o ti pa mí! Ta ni mo ṣẹ̀? Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ rọra, àwọn ará ilé ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́! Ṣé èmi ni mo jí owó?" Ó ní kí wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Ọkùnrin kan ni Bímpé rí nínú fídíò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń fi Yorùbá kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń sọ sídì, owó Ghana, di kirípító, owó tí kò sí níbì kankan àfi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí yóò sì máa bí sí i lójoojúmọ́. Kóòṣì Lọ́pẹ́ ló pe ara rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ dán, ó ń ki òwe mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ò lè mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ènìyàn. Ní Accra, inú ilé àti inú ìjọ la ti ń sọ Yorùbá. Tí a bá ti bọ́ síta, Twi ni, Ga ni, òyìnbó ni. Ẹni tó bá wá fi Yorùbá bá ọ sọ̀rọ̀ owó nínú fóònù tìrẹ, tó pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ọkàn rẹ á ti jókòó tì í kí o tó bi í ní ibi tó ń gbé. Tẹniọlá tiẹ̀ béèrè nígbà náà pé ta ni ọkùnrin yìí. Èsì ìyá rẹ̀ ni pé, "Ọmọ wa ni."

"Owó náà wà níbẹ̀," Bímpé ní báyìí, ó na fóònù sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ wò ó fúnra yín."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, tí nọ́ńbà bá jẹ́ owó. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì sídì, ó ń tàn, ó sì ń lé sí i bí wọ́n ṣe ń wò ó. Olúdélé tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ènìyàn gba owó rẹ̀. Lẹ́tà pupa yọ: kí owó tó jáde, ẹni mẹ́ta gbọ́dọ̀ tipasẹ̀ ẹ̀rí yín fi owó wọlé. Méjì ti wọlé. Ó ku ẹyọ kan.

"Ẹ̀rí wo?"

Tẹniọlá ló wá fídíò náà jáde. Òun ló di fóònù mú fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Bímpé nìyẹn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, ó wọ léèsì àjíǹde, ó wé gèlè, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ bá mi yin Olúwa! Èmi Bímpé, ní Lapaz, mo fi owó mi sílẹ̀ pẹ̀lú Kóòṣì Lọ́pẹ́, Olúwa sì dá a padà fún mi ní ìlọ́po. Mo ti gbà á, mo ti fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin náà, ẹ má jókòó lásán!"

"O parọ́," Olúdélé ní. "O wé gèlè, o parọ́."

"Mi ò parọ́. Ẹ̀rí ìgbàgbọ́ ni."

Nínú ìjọ wọn, ẹni tó ń retí nǹkan kì í dúró kí nǹkan náà dé kó tó dúpẹ́. Á bọ́ síwájú lọ́jọ́ Ìsinmi, á gba makirofóònù, á dúpẹ́ bí ẹni tó ti rí i gbà, gbogbo ìjọ á sì ké pé, "Ó ti dọ́wọ́ rẹ!" Obìnrin tí kò tíì lóyún ń dúpẹ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹni tí wọ́n ò tíì gbà síṣẹ́ ń dúpẹ́ owó oṣù. Nígbà tí Kóòṣì wá sọ pé kí owó tó jáde, kí ó kọ́kọ́ ṣe fídíò ọpẹ́, Bímpé ò fura rárá. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé àwọn oníkirípító mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó wẹ̀, ó múra, ó dúpẹ́.

"Irú ìgbàgbọ́ wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Olúdélé béèrè.

"Irú èyí tí ẹ fi jẹ́rìí mọ́tò lọ́dún tó kọjá. Ẹ ní Tòyótà ni, ẹ ní aláwọ̀ eérú ni, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èwo ni tiwa nínú àwọn tó wà níta yẹn?"

Trotro, bọ́ọ̀sì akérò, ló ṣì ń gbé Olúdélé lọ síbi iṣẹ́.

"Mummy, mo sọ fún yín paa," Tẹniọlá dá sí i. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi Twi dí àlàfo. "Mo ní ká pa fídíò yẹn rẹ́. Ẹ ní mi ò ní ìgbàgbọ́."

"Dákẹ́!" ni bàbá àti ìyá sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò lé lórí láàárọ̀ yẹn nìyẹn.

Fóònù gbọn. Kóòṣì ti fi ohùn ránṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ẹ kú ìfaradà o. Ẹnì kan péré ló kù. Bó bá ti wọlé lónìí, owó yín á jáde gbàrà." Olúdélé gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Níta, nídìí ẹ̀rọ omi, Sherifa ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń wọlé láti ojú fèrèsé. Yàrá tó tẹ̀ lé tiwọn ló ń gbé, ọmọ Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, tí wọ́n bí sí Accra, tó ń ta ìpara àti ọṣẹ nígun oríta. Ìyá rẹ̀ ni Hàjíà Hàdízà. Awọ funfun ti bo ojú màmá náà méjèèjì, dókítà sì ti dá ọjọ́ Mọ́ńdè fún wọn láti ṣiṣẹ́ abẹ. Owó ojú kan ni wọ́n rí kó jọ.

"Màmá, mo ń lọ bá Yàkúbù àbúrò mi nídìí ẹ̀yà mọ́tò tó ń tà ní Abossey Okai," Sherifa ń sọ. "Ó ní òun ti ta injíìnì kan, òun á fi díẹ̀ kún un. Tí mo bá dé, mo máa fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí Kóòṣì Àǹtí Bímpé. Wọ́n ní ọ̀la ló máa di méjì. Ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, màmá! Inshallah."

"Ọlọ́run á ṣe é," Hàjíà dáhùn. "Tètè lọ kí ọ̀nà má dí."

Bímpé ti dìde. "Sherifa lẹni kẹta. Fídíò mi ló wò. Ẹ jẹ́ n sáré sọ fún un kó tó lọ."

Olúdélé di etí ìró rẹ̀ mú. Kò fà á, ó kàn dì í mú.

"Ẹnì kan péré ló kù," ó ní.

Bímpé wo ọwọ́ náà. "Ṣebí ẹ ní irọ́ ni."

"Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni." Ó gbé ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. "Tí kì í bá wá ṣe irọ́ ńkọ́? Aago méjì ni Abdul-Rahim ń bọ̀. Jókòó, jẹ́ ká jẹun ná."

Bàtà Sherifa kọjá lójú fèrèsé, géètì sì dún. Ẹ má sọ pé ọkùnrin náà ò ní àánú. Láàárọ̀ yẹn, ẹni tí wọ́n máa kó ẹrù rẹ̀ síta ni, ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí ojú ẹlòmíì.

Tẹniọlá lọ ra wáákyè lẹ́nu ọ̀nà, ìrẹsì àti ẹ̀wà tó yẹ kí ó yó ẹni méjì, tí wọ́n ń fi ewé dì bíi pé ewé ni ènìyàn fẹ́ jẹ. Ẹyin kan ló wà nínú rẹ̀. Olúdélé pín in sí mẹ́ta, ó jẹ tirẹ̀, nígbà tó yá ó jẹ ti Bímpé náà, nítorí Bímpé ò fọwọ́ kan nǹkan. Fún wákàtí mẹ́ta kò sí ẹni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ nídìí ẹ̀rọ omi ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn.

"Ẹ ò rí Ìyá Tẹni? Ó ti lówó, kò jáde wá fọṣọ mọ́."

"Wọ́n ní ilẹ̀ ló rà sí Kasoa."

"Ọkọ rẹ̀ náà ti ra bàtà tuntun."

Bàtà ọ̀hún, Olúdélé kàn pààrọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pé gbèsè ni wọ́n gbọ́ pé Bímpé jẹ, ta ni ìbá máa dárúkọ rẹ̀ nídìí aṣọ fífọ̀? Ọwọ́ epo ni ayé ń báni lá.

Bímpé dìde, ó jókòó. "Ojú màmá yẹn ńkọ́?" ó bi ọkọ rẹ̀.

"Ìjọba máa ń ṣe ojú lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà míì."

"Ìgbà wo?"

"Nígbà míì."

Ó lé díẹ̀ ní aago kan nígbà tí géètì tún dún. Bímpé ò bi ẹnikẹ́ni. Ó jáde láìwọ bàtà. Sherifa ti jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí àga gígùn lábẹ́ ìbòji, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn Abossey Okai ṣì wà lójú rẹ̀.

"Sherifa, jọ̀ọ́, má fi owó yẹn ránṣẹ́."

"Àǹtí Bímpé, ẹ káàsán o. Kí ló dé?"

"Irọ́ ni. Mi ò gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ wọn. Owó ilé wa ni mo kó fún wọn, ó sì ti há síbẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi ni mo jìn sí i. Mo bẹ̀ ọ́."

Àwọn tó ń fọṣọ dẹ́kun fífọ. Sherifa wò ó látòkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Kai! Àǹtí mi, ẹni tó bá jìn sí kòtò kì í wọ léèsì dúró ti fìríìjì. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ti fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀rí ìgbàgbọ́ ni! Mo dúpẹ́ sílẹ̀ ni, kí ó lè dé."

"Ta ló ń dúpẹ́ nǹkan tí kò rí?" Sherifa kì í ṣe onígbàgbọ́, kò sì tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Bímpé na fóònù sí i. "Wò ó, ìwọ náà wò ó. Wọn ò jẹ́ kó jáde."

Sherifa wò ó, ojú rẹ̀ là. "Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì! Màmá, ẹ ò rí owó! Awurade, Ọlọ́run mi!" Àwọn tó ń fọṣọ ti sún mọ́ wọn, ọ̀kan sì ń yọ orí wo fóònù. Ọ̀rọ̀ tí Bímpé fẹ́ fi pa iná ló di epo.

"Abdul-Rahim wá láàárọ̀, a ò rí owó ilé san! Ẹ bi í!"

"Mo bá a pàdé lọ́nà. Ó ní ẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa." Ohùn Sherifa ti yí padà. "Àǹtí Bímpé, mi ò mọ̀ yín sí irú èyí. Ẹ̀yin ti gba tiyín, ó wá kan èmi, ó wá di irọ́. Ṣé Alata kan ṣoṣo ló yẹ kó lówó nínú ilé yìí ni?"

"Sherifa, ó tó," Hàjíà ní. Màmá náà na ọwọ́, ó wá ọwọ́ Bímpé títí ó fi rí i. "Bímpé ọmọ mi, èmi ò rí fídíò. Ojú wo ni n ó fi rí i? Ohùn rẹ ni mo gbọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbọ́ ohùn yẹn nínú ọgbà yìí, mo mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ń dùn, mo mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ń jà. Èyí tí mo gbọ́ nínú fóònù yẹn, inú dídùn ni. Torí ẹ̀ ni mo fi ní kí ó fi owó náà sí i. Èyí tí o ń sọ báyìí, ẹ̀rù ló wà nínú ẹ̀. Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Hàjíà, ojú yín ló ń bà mí lẹ́rù."

Màmá náà fi ọwọ́ Bímpé sílẹ̀. "Ẹ pe Bàbá Tẹniọlá fún mi," ó ní. "Iṣẹ́ owó ló ń ṣe. Ohun tó bá sọ la ó ṣe."

Gbogbo ọgbà ló mọ̀ pé Olúdélé ni wọ́n máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ gbájúẹ̀ hàn kí ó tó sọ fún wọn pé kí wọ́n pa á rẹ́. Wọn ò tiẹ̀ ní láti pè é. Ó ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, Tẹniọlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Tẹniọlá," Hàjíà ní, "ìyàwó rẹ ní irọ́ ni. Ṣé irọ́ ni?"

Bímpé yíjú sí ọkọ rẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́, ó kàn ń wò ó. Omi ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó pa á. Olúdélé wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Sherifa, ó wo ojú funfun Hàjíà tí kò lè wò ó padà, ó sì jọ pé ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀.

"Hàjíà, mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣe é," ó ní. "Mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Nọ́ńbà tó wà nínú fóònù, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ owó, kálukú ló ń fi orí ara rẹ̀ ṣe é."

"Daddy!" Tẹniọlá ké.

"Wọlé."

"O ṣeun," Hàjíà ní. "O ò gbè sẹ́yìn ìyàwó rẹ, o ò sì gbè sẹ́yìn wa. Sherifa, fi ránṣẹ́."

Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Sherifa ra tirẹ̀ níbẹ̀, níwájú gbogbo wọn. Ó tẹ nọ́ńbà, ó tẹ nọ́ńbà àṣírí, fóònù dún. Bímpé kò dúró kí ó dún. Ó ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ wọlé, kò fara kàn án.

Olúdélé wọlé tẹ̀ lé e. Fóònù Bímpé ló wà lórí tábìlì, òun ló sì gbé e nígbà tó gbọn. Kóòṣì kí wọn kú oríire. Ẹni mẹ́ta ti pé. Wọ́n ti bọ́ sí ipò kejì báyìí, níbi tí owó ti ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí owó tó jáde, ẹni márùn-ún míì gbọ́dọ̀ wọlé.

Ó kà á. Ó tún un kà. Bímpé ò gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀; ó ti rí i lójú rẹ̀. Níta, Hàjíà ń ṣàdúrà fún wọn, ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá, ìyá, ọmọ. Ó ní wọn ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ó ní wọ́n á kọ́ ilé tiwọn, kò sì ní sí onílé tó máa lé wọn. Àwọn tó ń fọṣọ ń ṣe àmín. Bímpé dìde, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó tún pa fèrèsé dé. Ooru kún inú yàrá.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ẹgbẹ́ akọrin yín," Olúdélé ní. Ilẹ̀ ló ń wò. "Ẹ tó mélòó níbẹ̀?"

Tẹniọlá gbé orí sókè, ó tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀. Bímpé jókòó, ó kó ọwọ́ méjèèjì sáàárín ẹsẹ̀, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan lónìí.

"Méjìlélógún," ó ní.